Àdán àti Igbó Ọba

Nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀ ní Ajah, tí àwọn ọlọ́jà ń palẹ̀ ẹrù mọ́, tí ọkọ̀ sì tò lọ bẹẹrẹ lójú ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Ẹ̀pẹ́, ẹni tí ó bá gbé ojú sókè lè rí àdán tí ń kọjá lójú òfuurufú. Díẹ̀ ni àwọn tí ń gbé ojú sókè. Àwa pàápàá ti gbé lórí ilẹ̀ tóóró yìí, tí òkun wà ní apá kan rẹ̀ tí ọ̀sà sì wà ní apá kejì, fún ọdún púpọ̀ kí a tó bi ara wa léèrè ibi tí wọ́n ń lọ àti ohun tí wọ́n ń gbé lọ.

Èrò àwọn baba wa nípa àdán kò dúró sójú kan. Wọ́n wo eyín àti irun rẹ̀, ó jọ eku. Wọ́n wo apá rẹ̀, ó jọ ẹyẹ. Wọ́n ní àdán dorí kodò, ó ń wo ìṣe ẹyẹ gbogbo. Wọ́n tún ní bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Òwe yìí sì fi hàn pé wọ́n mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin àwọn méjèèjì ju bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti mọ̀ ọ́n lónìí lọ. Ìwé Léfítíkù orí kọkànlá ka àdán mọ́ àwọn ẹyẹ tí a kò gbọdọ̀ jẹ, àwọn ọmọ ilé-ìwé sì máa ń fi èyí há wa mọ́ ẹsẹ̀ kan ní kíláàsì. Ìdáhùn rẹ̀ kò gùn: àdán kì í yé ẹyin, a máa bí ọmọ, a sì máa fún un ní ọmú. Òòbẹ̀ kékeré tí ń gbé abẹ́ òrùlé, kòkòrò ni oúnjẹ rẹ̀. Àdán ńlá tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, tí irun rẹ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí koríko gbígbẹ, èso ni ó ń jẹ. Bí ó bá na apá rẹ̀ méjèèjì, ó lè tó 76 sẹ̀ǹtímítà. Ọmọ kan ṣoṣo ni abo ń bí ní ọdún, oyún rẹ̀ a sì máa wà nínú fún oṣù mélòó kan láìdàgbà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí tóbi. J. O. Fayenuwo àti L. B. Halstead wo ọ̀rọ̀ yìí fínnífínní lára àwọn àdán Ilé-Ifẹ̀, wọ́n sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1974. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ fi ọmọ kan ṣoṣo yìí sọ́kàn. Ẹranko tí ń bí ọ̀kan lọ́dún kì í tètè rọ́pò àwọn tí ọdẹ bá pa.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a lọ sí ìtàn igbó fúnra rẹ̀. Ní 1887, nígbà tí Alfred Moloney jẹ́ Gómìnà Èkó, a dá ọgbà ìwádìí ewéko sílẹ̀ ní Ẹ̀búté Mẹ́tta, ní ọdún kan náà ni ó sì tẹ ìwé kan jáde lórí igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn èyí ni ariwo rọ́bà dé. Láti 1895 lọ, àwọn ènìyàn rọ́ wọ inú igbó, wọ́n ń ṣá igi ire lọ́gbẹ́ nítorí oje rẹ̀, wọn kò fún un ní ìsinmi, títí àìmọye igi fi kú lórí ìdúró, tí òwò náà sì wó lulẹ̀ kí ọ̀rúndún náà tó parí. Ẹni tí adìẹ rẹ̀ kú ni ó ń mọ iye ẹyin. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í ya igbó sọ́tọ̀. A ya Olókèméjì, lẹ́bàá odò Ògùn láàrin Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, sọ́tọ̀ ní 1899. Ní àkókò Gómìnà William MacGregor, ẹni tí ó jẹ́ Gómìnà láti 1899 títí di 1904, òfin igbó sì jáde. Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn kò dùn sí i, nítorí wọ́n rò pé ọgbọ́n àti gba ilẹ̀ àwọn ni. A kò lè dá wọn lẹ́bi.

Nínú gbogbo ètò wọ̀nyí, igi ni a ń kà. A wọn ìdí rẹ̀, a kọ nọ́ńbà sí i lára, a la ààlà yí igbó ká, a sì fi ẹ̀ṣọ́ tì í. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbìn ín kò sí nínú ìwé.

Ìrókò ni ó fi àìmọ̀ yìí hàn gbangba. Igi olówó ni. Àwọn onímọ̀ igbó sì fẹ́ gbìn ín ní ìlà-ní-ìlà bí a ti ń gbin igi tíìkì. Ṣùgbọ́n kòkòrò kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Phytolyma. A máa yé ẹyin sí ara ewé ìrókò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Ewé náà a wú bí oówo, a bẹ́, a jẹrà, ọ̀gọmọ̀ igi a sì kú. Níbi tí ọ̀pọ̀ ìrókò kékeré bá ti dúró pọ̀ sójú kan, níbẹ̀ ni kòkòrò náà ti ń jẹ àsè. Nínú igbó tí ẹnikẹ́ni kò gbìn, ìrókò kì í dúró bẹ́ẹ̀: ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, ọ̀nà jíjìn sì wà láàrin wọn. Ta ni ó wọn ọ̀nà náà? Ìrókò ní akọ, ó ní abo. Abo nìkan ni ó ń so. Èso rẹ̀ gùn, ó tutù, ó rí bí kòkòrò tí ń wọ́ lórí ewé, hóró inú rẹ̀ sì kéré jọjọ. Àdán a wá lóru, a já èso náà, a gbé e lọ sórí igi mìíràn, a fún omi rẹ̀ mu, a sì tu háhá rẹ̀ sílẹ̀. Hóró tí ó bá gbé mì, a yà á sílẹ̀ bí ó ti ń fò lọ, pàápàá lórí ilẹ̀ gbangba tí oòrùn ń ràn sí. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìrókò kékeré ń fẹ́. Àwọn àgbà kò jẹ́ kí a gé ìrókò mìíràn, nítorí wọ́n ní olúwéré ń gbé inú rẹ̀. Àwa kò bẹ̀rù olúwéré. Síbẹ̀ a rò pé ìbẹ̀rù tiwọn dá ọ̀pọ̀ abo ìrókò sí fún àdán.

Ó pẹ́ gidigidi kí ẹnikẹ́ni tó fi nọ́ńbà sí iṣẹ́ àdán. Ní Accra ní ilẹ̀ Gánà, àdán púpọ̀púpọ̀ ni ó máa ń so rọ̀ lórí àwọn igi ọgbà ilé-ìwòsàn àwọn ológun tí a ń pè ní 37. Àwọn onímọ̀ kan, tí Dina Dechmann ará Max Planck ní Jámánì wà lára wọn, so ẹ̀rọ kékeré mọ́ àdán lára láti mọ ibi tí wọ́n ń lọ lóru. Ní 2016 a tẹ̀ ẹ́ jáde pé wọ́n lè gbé hóró kékeré lọ tó 75 kìlómítà. Bí a bá fa okùn gbọọrọ láti Ajah dé Ìjẹ̀bú-Òde, kò tó bẹ́ẹ̀. Ní 2019 wọ́n ṣírò pé 150,000 àdán tí ó wà níbẹ̀ lè fọ́n hóró tí ó lé ní 300,000 káàkiri ní òru kan ṣoṣo, àti pé iṣẹ́ wọn ní ọdún kan lè mú kí igbó bẹ̀rẹ̀ sí í hù lórí ilẹ̀ 800 hẹ́kítà. Gbogbo hóró kọ́ ni ó ń hù, a mọ̀. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ ìṣirò tí ó bá ka èyí wo iye owó tí a ó san fún lébìrà tí yóò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ilẹ̀ tiwa, ọ̀nà mìíràn ni a gbà. A ya igbó Òmò sọ́tọ̀ ní 1925, ní 1946 a sì pa 460 hẹ́kítà nínú rẹ̀ mọ́ pátápátá, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kàn án. Láti nǹkan bí 1960 lọ a gé púpọ̀ nínú ìyókù, a sì fi igi Gmelina dípò, nítorí ilé-iṣẹ́ bébà tí a fẹ́ kọ́ sí Ìwòpin, létí ọ̀sà Lẹ́kkí. A kọ́ ilé-iṣẹ́ náà. Kò ṣe iṣẹ́ tí a retí lọ́wọ́ rẹ̀. Ìrókò tí a gé kò sì padà.

Lẹ́kkí fúnra rẹ̀ kò ní igbó ńlá bí Òmò. Ilẹ̀ yanrìn ni, àti irà, àti ọ̀pẹ, àti igi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbé inú omi. Ní 1980 Olóyè Shafi Lawal Edu, ọmọ Ẹ̀pẹ́, dá ẹgbẹ́ Nigerian Conservation Foundation sílẹ̀. Ní 1990 ẹgbẹ́ náà ṣí ọgbà Lẹ́kkí, 78 hẹ́kítà, kí díẹ̀ nínú igbó etí òkun yìí má bàa tán. Ní oṣù Keje ọdún kan náà, ìjọba ológun wó Maroko, tí kò jìnnà sí ibẹ̀, ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn sì di aláìnílé. A kọ èyí sílẹ̀ nítorí pé àwọn tí ń sọ ìtàn ọgbà náà kì í sábà dárúkọ Maroko. Láti ìgbà náà ni ilé ti ń hù níbi tí igi wà, láti Lẹ́kkí dé Ajah àti kọjá Ajah. Ní 2015 a fi afárá tí ó gùn tó 401 mítà sórí igi nínú ọgbà náà, àwọn ọmọ ilé-ìwé sì ń gun orí rẹ̀ láti wo ọ̀bọ. Ọ̀bọ lè gbé inú 78 hẹ́kítà. Àdán kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Igi tí yóò bọ́ ọ wà lẹ́yìn odi: ọdán tí ó wà ní ìgboro, igi fúrúùtù ẹ̀yìnkùlé, máńgòrò ilé-ìwé. Bí àwọn wọ̀nyí bá tán, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kò ní ohun tí ó lè ṣe sí i.

Ìbẹ̀rù sì wà, a kò gbọdọ̀ fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ní 1956, lára àdán tí a mú ní Erékùṣù Èkó, L. R. Boulger àti J. S. Porterfield rí fáírọ́ọ̀sì kan tí ó ń jẹ́ orúkọ ìlú wa títí di òní. Ní 1970 ni ó tó hàn pé ìbátan àrùn ajá dìgbòlugi ni. Nígbà tí Ebola wọ Èkó ní oṣù Keje 2014, ènìyàn 20 ni ó kó o ní Nàìjíríà, 8 nínú wọn sì kú. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ti ń wo àdán bí ọ̀tá. Kí ọmọdé má ṣe fi ọwọ́ lásán mú àdán, ààyè tàbí òkú. Ẹni tí ó bá gé jẹ, kí ó fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ ojú ọgbẹ́ náà, kí ó sì lọ sí ilé-ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò fọwọ́ kàn án, tí kò sì pa á jẹ, ewu kékeré ni àdán jẹ́ fún un. Àwọn tí ń lé e kiri ni wọ́n ń súnmọ́ ọn.

Àwa náà ti lé e rí. Ní ilé-ìwé kan tí a ti ṣiṣẹ́, igi ọdán kan dúró lójú àgbàlá. Nígbà tí ó bá so, àdán a wá lóru, ìgbẹ́ wọn a sì ba ògiri tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ní ọ̀dà funfun jẹ́. A pe ìpàdé. Àgbà kan ní ìjọ sọ pé òun bá igi náà níbẹ̀ nígbà tí òun wà lọ́mọdé. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a sì dìbò. Àwa náà nawọ́ sókè. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni a gé e, kí ó tó di ọ̀sán a ti kó ẹ̀ka rẹ̀ kúrò. Ní alẹ́ ọjọ́ náà àwọn àdán dé gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Wọ́n yí ojú òfuurufú tí igi náà wà rí po, wọ́n lọ, wọ́n tún padà, wọ́n ń rẹ ara wọn sílẹ̀ bí ẹni tí ó fẹ́ bà, wọ́n sì tún ń gòkè. Ọmọ kékeré kan tí ń gbé ọ̀dọ̀ wa dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n.

Ó ní, “Tíṣà, kí ni wọ́n ń wá?”

A ní kí ó wọlé lọ sùn.