Owó Ẹni tí Iṣẹ́ Bọ́ Lọ́wọ́ Rẹ̀ àti Ohun tí Ó Ń Dá A Dúró

Láyé àwọn baba wa, ọ̀rọ̀ àìríṣẹ́ṣe kò rí bí ó ti rí lónìí. Àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Àgọ́-Ìwòyè àti ní agbègbè rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ilẹ̀ àti ọkọ́, kò ní ọ̀gá tí yóò lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Bí àìsàn bá dá a gúnlẹ̀ ní àkókò oko ríro, àwọn ẹbí a bẹ ọ̀wẹ̀ fún un, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ní parun. Owó oṣù ni ó mú ìṣòro tuntun wọlé. Nígbà tí a dá yunifásítì sílẹ̀ ní ìlú yìí ní ọdún 1982, àwọn tí ń fi owó oṣù jẹun wá pọ̀ sí i láàrin àwọn olóbì àti olókòó. Ọjọ́ tí owó irú àwọn bẹ́ẹ̀ bá dá, ọjọ́ náà ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Kí ni òfin pèsè fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí sì ni ìdí rẹ̀ tí ohun tí a pèsè náà fi ń pẹ́ kí ó tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́? Èyí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí a ti kọ́ ètò owó oṣù lọ́dọ̀ wọn, ti ṣe é. Ní ọdún 1911, ilé aṣòfin wọn pa á láṣẹ pé kí òṣìṣẹ́, agbanisíṣẹ́ àti ìjọba máa dá owó jọ nítorí ọjọ́ tí iṣẹ́ bá bọ́. Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ni ó kàn ní ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn iṣẹ́ bí ilé kíkọ́ àti ọkọ̀ ojú omi kíkàn ni. Láti oṣù kìíní ọdún 1913, ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ń gba ṣílè 7 lọ́sẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ju ọ̀sẹ̀ 15 lọ láàrin ọdún kan. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò ní owó nínú. Nítorí náà, dídúró kì í ṣe ohun àjèjì nínú ọ̀rọ̀ yìí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a kíyè sí ohun kan: òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan tí a ń lẹ sítáǹbù mọ́. Bí iṣẹ́ bá bọ́, agbanisíṣẹ́ a dá ìwé náà padà fún un, òun a sì mú un lọ sí ọ́fíìsì tí a ti ń wáni níṣẹ́. Ẹ̀rí ohun tí a ti san wà lójú ìwé náà.

Ọ̀nà mìíràn ni ìjọba Nàìjíríà gbà. Ní 1961 ni òfin dá National Provident Fund sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni. Òṣìṣẹ́ ń dá owó, agbanisíṣẹ́ náà ń dá owó. Ìfowópamọ́ ni èyí, kì í ṣe ìrànwọ́. Ohun tí a kó jọ ní orúkọ ènìyàn ni yóò rí gbà. Nígbà tí ó di 1979, òfin orílẹ̀-èdè sọ ọ́ gbangba, ní ìpín 16, pé kí ìjọba darí ètò rẹ̀ sí pípèsè owó fún aláìníṣẹ́ àti fún aláìsàn. Òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 tún un sọ. Ṣùgbọ́n ìpín 6 nínú ìwé kan náà kò gba ilé-ẹjọ́ láàyè láti gbọ́ ẹjọ́ lórí irú ìlérí bẹ́ẹ̀, àfi bí ibòmíràn nínú òfin náà bá gbà á láàyè. Ìlérí wà nínú ìwé, ẹni tí a ṣe é fún kò sì ní ibi tí yóò ti béèrè rẹ̀. Nínú gbogbo ìdádúró tí mo mọ̀, èyí ni ó pẹ́ jù.

Ohun tí ó sún mọ́ ọn jù lọ wà nínú òfin owó ìfẹ̀yìntì. Òfin 2004 gbà pé kí ẹni tí kò tí ì pé ọdún 50, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sì rí òmíràn láàrin oṣù 6, gba nǹkan díẹ̀ nínú owó tí ó wà ní orúkọ rẹ̀, kí ó má ju ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Òfin 2014 sọ oṣù 6 náà di oṣù 4. Owó tirẹ̀ ni o, kì í ṣe ẹ̀bùn. Síbẹ̀, ní oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́ tí àìní rẹ̀ le jù, òfin ní kí ó dúró.

Ìdádúró tí òfin mú wá ní òpin. Èyí tí àkọsílẹ̀ mú wá ni kò ní. Ẹ̀gbọ́n mi kan jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ìwé aládàáni kan. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó dúró fún oṣù mẹ́rin gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí, ó sì kó ìwé rẹ̀ lọ. Wọ́n ní orúkọ rẹ̀ kò bára mu: "Sh" ni ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ náà nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́, "S" lásán ni ó wà ní báńkì. Ó lọ búra ní kóòtù, ó sì san owó kí wọ́n tẹ ìkéde àtúnṣe náà sínú ìwé ìròyìn. Nígbà tí èyí parí, a tún rí i pé owó oṣù 9 tí ilé-ìwé náà ti yọ nínú owó oṣù rẹ̀ kò dé inú àpò rẹ̀ rárá. Ọdún kan kọjá kí kọ́bọ̀ tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ìyàwó rẹ̀ sì ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ "Sh" àti "S" yìí kan àwa tí ń kọ́ èdè Yorùbá gan-an. Àpérò tí a ṣe ní Èkó ní ọdún 1875 lórí ọ̀nà tí a ó gbà kọ èdè wa fìdí àmì abẹ́ lẹ́tà múlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọ́fíìsì kò ní àmì náà. Nítorí bẹ́ẹ̀, akọ̀wé kan a fi "Sh" dípò rẹ̀, òmíràn a ju àmì náà nù. Báyìí ni orúkọ Ìjẹ̀bú bí Ṣónúgà àti Ṣówándé ṣe di méjì méjì. Ní ojú ènìyàn, ẹnìkan ṣoṣo ni. Ní ojú àkọsílẹ̀, ẹni méjì ni, kò sì sí ẹni tí yóò san owó ẹnìkan fún ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni ti obìnrin tí ó fi orúkọ bàbá gba iṣẹ́, tí ó sì fi orúkọ ọkọ ṣí àkáǹtì.

Àwọn ìyá wa ní ọjà ti mọ ohun tí ó yẹ kí a ṣe. Èsúsú ti pẹ́ láàrin wa. Samuel Johnson mẹ́nu bà á nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921. Ẹ wo àjọ tí í ṣe àbúrò rẹ̀: alájọ a fún oníbàárà rẹ̀ ní káàdì, a sì máa fi àmì sí i lójoojúmọ́ tí ó bá gba owó. Ní òpin oṣù, owó ọjọ́ kan ni ti alájọ, ìyókù di ti ẹni tí ó dá a. Lóòótọ́, alájọ mìíràn a máa sá lọ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ń dúró di ọjọ́ ìnira kí ó tó mọ̀ bóyá a kọ owó òun sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ̀rí wà, gẹ́gẹ́ bí ìwé sítáǹbù ti 1911.

Nítorí náà, kí olúkúlùkù yan ọ̀nà kan ṣoṣo láti kọ orúkọ rẹ̀, kí ó sì lò ó níbi gbogbo. Kí ó tọ́jú ìwé owó oṣù rẹ̀, kí ó sì máa béèrè ìṣirò àpò rẹ̀ nígbà tí ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Òfin 2014 fún agbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ 7 lẹ́yìn tí ó bá san owó oṣù láti fi owó yìí ránṣẹ́, ó sì ní kí ó san ìtanràn bí ó bá pẹ́. Bí kò bá ránṣẹ́, a lè fi ẹjọ́ rẹ̀ sun National Pension Commission. Kí a má sì bẹ̀rù láti ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Àwọn àgbà ní ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń kọ orúkọ ọmọ sínú ìwé ilé-ìwé ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ bi òbí rẹ̀ bí wọ́n ti ń kọ ọ́, kí ẹ sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ogójì ọdún bá kọjá, tí iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà, ohun tí ẹ kọ ni wọn yóò kọ́kọ́ wò.