Orúkọ Wo La Ó Pe Afẹ́fẹ́ Tó Yọ́ Wọlé?

Nàìjíríà kò tíì ní ilé iṣẹ́ mànàmáná núkílíà kankan. Ohun tí a ní ni ẹ̀rọ ìwádìí kékeré kan ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Sáríà, tí wọ́n tan ní 2004, tí agbára rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kílówáàtì 30. Ní gbogbo Áfíríkà, Koeberg nítòsí Cape Town nìkan ló ń fi núkílíà pèsè iná fún ìlú, láti 1984. Ẹni tó bá wá ń ṣa ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ fún àyẹ̀wò afẹ́fẹ́ yàrá àkóso irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè jọ ẹni tó ra gàárì sílẹ̀ de ẹṣin tí kò ní. Ṣùgbọ́n ẹ wo Ìkòròdú. Ní Ẹgbin, lọ́nà Ìjẹ̀dẹ̀, ẹ̀rọ mẹ́fà ló wà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè mú mẹ́gáwáàtì 220 wá, àpapọ̀ 1,320, gáàsì ni wọ́n sì ń sun níbẹ̀. Ní Odógúnyán, lọ́nà Ṣàgámù, níbi tí ọgbà ilé iṣẹ́ ńlá Ìkòròdú wà, àwọn kan ń yọ́ irin. Níbi gbogbo tí irú iṣẹ́ yìí bá wà, ẹnì kan á jókòó sínú yàrá kan tó ń ṣọ́ iná pupa àti iná àwọ̀ ewé, èéfín á sì máa wá ọ̀nà wọlé tọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo ń wá yóò ríṣẹ́ ṣe níbẹ̀ kí núkílíà tó dé.

Orúkọ ètò tó ń bójú tó afẹ́fẹ́ yàrá àkóso gan-an ni àwọn atúmọ̀ èdè ti máa ń kọ́kọ́ kọsẹ̀. Wọ́n á rántí fèrèsé, wọ́n á sì kọ "ìgbafẹ́fẹ́wọlé". Ìyẹn dára fún kíláàsì àti ilé ìwòsàn. Nínú yàrá àkóso núkílíà, wákàtí tí ètò yìí wúlò jù ni wákàtí tí afẹ́fẹ́ ìta kò gbọdọ̀ wọlé bó ṣe wà. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta 1979, nígbà tí ẹ̀rọ kejì ní Three Mile Island ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania gbóná débi tí ohun tó ń pèsè ooru nínú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, ìtànṣán olóró wọ inú afẹ́fẹ́ yàrá àkóso fúnra rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ní láti fi ìbòjú bo imú àti ẹnu. Ọ̀rọ̀ wọn kò já gaara sí ara wọn mọ́, ní àkókò tó jẹ́ pé àjọsọ ọ̀rọ̀ gan-an ni wọ́n nílò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àjọ tó ń ṣàkóso núkílíà ní Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí gbogbo ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tún yàrá àkóso wọn yẹ̀ wò. Nítorí náà, "ètò ìṣọ́ afẹ́fẹ́" ni èmi fara mọ́. Ẹni tó ń ṣọ́nà kì í ti ilẹ̀kùn pa títí ayé. Ó ń yan ohun tó máa wọlé ni.

Ọ̀rọ̀ kejì ṣòro ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin Amẹ́ríkà ní kí yàrá àkóso jẹ́ ibi tí òṣìṣẹ́ lè wà ní gbogbo àsìkò ìjàǹbá, kí ìtànṣán tó bá a lára má sì ju rem 5 lọ. Ẹnì kan lè fẹ́ pe ànímọ́ yẹn ní "ìṣeégbé", láti inú "ó ṣeé gbé". Gírámà rẹ̀ pé. Ẹ wá pè é nínú ariwo ẹ̀rọ, kí ohùn yẹ̀ díẹ̀, ẹ ti sọ pé àwọn ènìyàn ṣègbé nìyẹn. N kò lè kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sára ògiri tí wọ́n ń lẹ ìlànà ààbò mọ́. "Ìṣeédúrósí" gùn, ó sì wúwo lẹ́nu, àmọ́ kò lè pa ẹnikẹ́ni.

Ibi tí èdè wa ti lọ́rọ̀ jù ni ọ̀dọ̀ asẹ́. Àwọn ìyá tó ń ṣe gàrí ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ mọ̀ pé gàrí ni wọ́n ń jọ̀, ògì ni wọ́n ń sẹ́. Bí a bá fi tìyẹn ṣe é, ajọ̀ ló yẹ ká máa pe ohun tó ń mú eruku nínú afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n asẹ́ ti gba ẹnu gbogbo ayé, n kò bá a jà. Asẹ́ eruku tí wọ́n ń lò ní yàrá àkóso gbọ́dọ̀ mú ó kéré tán 99.97 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn èérún tí ìwọ̀n wọn jẹ́ máíkírómítà 0.3. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kì í ṣe pé ihò rẹ̀ kéré ju eruku lọ. Fọ́nrán tó dì mọ́ra wọn ni. Eruku ń kọlù wọ́n, ó sì ń lẹ̀ mọ́ wọn. Èyí tó tilẹ̀ kéré sí 0.3 máa ń ta gìrìgìrì kiri títí yóò fi kọlu fọ́nrán, ìwọ̀n 0.3 yẹn ló ṣòro mú jù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi í dán asẹ́ wò. Kí olùkọ́ ṣàlàyé ìyẹn fún akẹ́kọ̀ọ́. Kò tó ohun tí à ń torí ẹ̀ dá ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀.

Áyódìn olóró kì í ṣe eruku ní tirẹ̀. Gáàsì ni, yóò gba inú asẹ́ kọjá láìwẹ̀yìn. Èédú ló ń mú un, èèpo àgbọn líle ni wọ́n sì sábà máa ń fi ṣe èédú ọ̀hún, irú èyí tí à ń dà sí ààtàn. Níhìn-ín, ó yẹ ká ṣọ́ ẹnu wa: èédú kò fa áyódìn mu, ó fà á mọ́ra ni, sí ojú àìmọye ihò tín-ín-tìn-ìn-tín tó wà lára rẹ̀. "Èédú afàmọ́ra", nígbà náà. Bí ààyè ara rẹ̀ bá sì ti kún, Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ nílẹ̀: èédú náà ti yó. Òórùn ọ̀dà lè mú un yó láìjẹ́ pé áyódìn kankan kàn án. Ìdí nìyẹn tí ìlànà Amẹ́ríkà fi ní kí wọ́n bu díẹ̀ nínú èédú náà lọ fún ìdánwò bí wọ́n bá kun ọ̀dà, bí iná bá ṣẹ́ tàbí bí kẹ́míkà bá tú síta níbi tí ètò náà ti lè fà á, àti lẹ́yìn wákàtí 720 tó bá ti ṣiṣẹ́.

Àwọn ìwé tí wọ́n túmọ̀ sábà máa ń kọ "àyẹ̀wò" sí gbogbo iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí òṣìṣẹ́ ìjọba wá bẹ ilé iṣẹ́ wò, bí àjọ tí òfin 1995 dá sílẹ̀ fún ọ̀ràn núkílíà ní Nàìjíríà ṣe ń bẹ àwọn tó ń lo ohun olóró ìtànṣán wò. Ọ̀tọ̀ ni kó yẹ asẹ́ wò bóyá ó ya. Ọ̀tọ̀ sì ni kó dán fáànù wò. Ẹ jẹ́ ká pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ sí àyè wọn.

Ìdánwò tó rọrùn jù ni ti èéfín. Wọ́n á gbé ohun kékeré kan tó ń rú èéfín sí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn. Bí èéfín bá fẹ́ síta, ìfúnpá inú yàrá ju ti ìta lọ, ohun tí à ń wá nìyẹn. Bó bá wọ inú, iṣẹ́ dé. Èyí tó le ni ti gáàsì atọpasẹ̀: wọ́n á tú gáàsì tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, sínú yàrá, wọ́n á sì máa wọn bó ṣe ń lọ sílẹ̀. Irú ìdánwò yìí ló tú àṣírí pé afẹ́fẹ́ tó ń wọ ọ̀pọ̀ yàrá àkóso ní Amẹ́ríkà láìgba inú asẹ́ ju iye tí wọ́n ti ṣírò lọ, tí àjọ tó ń ṣàkóso núkílíà níbẹ̀ fi kọ̀wé sí gbogbo wọn ní 2003. Kí la ó pe afẹ́fẹ́ yẹn? Omi ló ń jò. Àwọn fọgánáísà á ní ó ń lííkì. "Ayọ́wọlé" tẹ́ mi lọ́rùn jù, torí pé ẹni tó bá yọ́ wọlé kò gba ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń ṣọ́.

Láti 1970 ni Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ti fi hàn pé ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 dá lórí èdè, lítíréṣọ̀ àti ìkọ́ni. Kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mú sípánà lọ́wọ́. Mo fẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè kọ ìròyìn báyìí: "Asẹ́ eruku kò ya. Èédú afàmọ́ra kò tíì yó. Fáànù kejì ṣiṣẹ́ nígbà tí a dán an wò. Afẹ́fẹ́ ayọ́wọlé wà ní ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn ìwọ̀ oòrùn. Kí wọ́n pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀."

Ọ̀kan ṣì ń dà mí láàmú: irin pẹlẹbẹ inú ihò afẹ́fẹ́, tó ń yí padà láti dí ọ̀nà. "Asé" ni ì bá bá a mu, láti inú "sé ọ̀nà", àmọ́ kí ẹni tó ń tẹ̀wé fi àmì kan kún un lásán, ó ti di asẹ́, ohun tó yẹ kó dí ọ̀nà pátápátá ti di ohun tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá. "Ilẹ̀kùn ọ̀nà afẹ́fẹ́" ni mo ń kọ ní tèmi, títí ẹnì kan ní Odógúnyán yóò fi sọ ohun tí wọ́n ń pè é lẹ́nu iṣẹ́ fún mi.