Òjò àti Ẹja Pípa Nínú Àwọn Odò Àbújá

Ẹja pípa lásìkò òjò ní Àbújá ni iṣẹ́ àwọn apẹja tó ń dẹ àwọ̀n, ìwọ̀ àti ìgèrè sínú odò Usuma, odò Gurara, àwọn ìṣàn kéékèèké tó ń wọnú wọn, àti adágún tí dáàmù sé, láti oṣù Kẹrin tí òjò ń bẹ̀rẹ̀ títí di oṣù Kẹwàá tó ń kásẹ̀ nílẹ̀. Òjò ló ń sọ ìgbà tí ẹja yóò yé, ibi tí yóò sá sí, ohun tí yóò jẹ, àti bóyá ọwọ́ apẹja á tó o. Ẹni tí kò bá sún mọ́ odò lè rò pé níbi tí omi bá ti pọ̀, ẹja á pọ̀ nínú àwọ̀n. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àsìkò òjò ni odò ń bí ẹja. Ìgbà tí omi bá ń fà ni apẹja ń kórè rẹ̀.

Odò àti ojú ọjọ́

Agbègbè Olú-ìlú Àpapọ̀, tí òfin ìjọba ológun dá sílẹ̀ lọ́dún 1976, wà ní àárín gbùngbùn Nàìjíríà. Odò Gurara ni àgbà nínú àwọn odò tó yí i ká. Ó ń ti ìhà Ìpínlẹ̀ Kaduna bọ̀, ó sì ń wọnú Odò Ọya. Odò Usuma, tó gba ìlú Gwagwalada kọjá, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ń bù kún Gurara. Àwọn Gbagyi ló ti ń dáko lórí ilẹ̀ yìí kó tó di olú-ìlú. Lápá ìsàlẹ̀, níbi tí omi ti ń fẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Ọya, àwọn Tápà àti Bassa tó mọ ọkọ̀ wà wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Òjò Àbújá kò dà bí ti Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta. Ní ilẹ̀ Yorùbá, òjò máa ń ga lẹ́ẹ̀mejì, ó sì máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ. Ní Àbújá, kò sí ìsinmi bẹ́ẹ̀. Oṣù Kẹjọ àti Kẹsàn-án gan-an ni òjò ń rọ̀ jù. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni odò ń kún lọ́dún, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì ń fà. Ooru oṣù Kẹta lè kọjá 36 lórí òṣùwọ̀n Celsius, àmọ́ bó bá di oṣù Kẹjọ, ìkùukùu á bo oòrùn, ọ̀sán á sì rọ̀ sí nǹkan bí 28. Òtútù kejì ni ti ọyẹ́, ní oṣù Kejìlá àti Kìíní, tó ń mú lóru. Ẹja mọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì: òtútù òjò ń bá oúnjẹ àti omi tuntun wá, ti ọyẹ́ kò mú nǹkan kan dání.

Ohun tí òjò ń ṣe sí omi

Òjò àkọ́rọ̀ kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹja. Ó ń fọ eérú igbó tí wọ́n sun, ìgbẹ́ màlúù àti ìdọ̀tí inú gọ́tà ìlú wọnú ìṣàn tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Bí àwọn kòkòrò tí ojú kò rí bá ti ń mú ìdọ̀tí yìí jẹrà, wọ́n ń lo ọ́síjìn inú omi tán. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹja á máa yọ ẹnu sókè omi, wọ́n á máa gbé ẹnu hàà. Nígbà mìíràn wọ́n á kú, wọ́n á sì léfòó.

Lẹ́yìn òjò mélòó kan, nǹkan á yí padà. Omi á pọ̀, á máa ṣàn, ìdọ̀tí á lọ, omi á sì tutù. Omi tútù ń gba ọ́síjìn ju omi gbígbóná lọ: ní 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, lítà omi kan lè gba nǹkan bí mílígíráàmù 7.5, ní 20, ó lè gba nǹkan bí 9. Àyè tún wà fún oúnjẹ. Ẹ̀bá odò tí erùpẹ̀ ti rọ̀ ni ekòló ń já bọ́ sínú omi. Ní ìrọ̀lẹ́ tí òjò bá dá, èsunsun, ikán abìyẹ́, á rọ́ jáde láti inú ilẹ̀, wọ́n á fò lọ síbi iná, ìyẹ́ wọn á já, ọ̀pọ̀ á sì bọ́ sójú omi. Ẹni tó bá dúró létídò nírú ìrọ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀ á rí i bí ojú omi ṣe ń ho níbi tí ẹja ti ń ṣa wọ́n jẹ.

Bí òjò bá wá le, omi á pọ́n, á kún bo etí, á sì wọ àkùrọ̀. Koríko tí màlúù ń jẹ lóṣù Kejì á di abẹ́ omi lóṣù Kẹjọ. Ibẹ̀ ni ilé oúnjẹ àti ilé ọmọ fún ẹja.

Ìṣesí àwọn ẹja

Àrọ̀ ni òjò ń pè jù. Ìgbà tí omi bá ń ga, pàápàá lóru lẹ́yìn òjò ńlá, akọ àti abo á kúrò nínú odò lọ sí àkùrọ̀ tí omi rẹ̀ kò jìn, wọ́n á yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin sára koríko, wọ́n á sì padà. Ẹyin náà á pa láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Àrọ̀ ní ẹ̀yà ara kan lókè ìjàgbọ̀n rẹ̀ tó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè, ìdí nìyẹn tí omi ìdọ̀tí tó ń pa ẹja mìíràn kì í tètè pa á, tó sì fi lè wọ́ gba orí ilẹ̀ tútù lóru láti kòtò kan sí òmíràn. Irùngbọ̀n mẹ́jọ tó yí ẹnu rẹ̀ ká ló fi ń tọ́ oúnjẹ wò, nítorí náà omi pípọ́n kò dí i lọ́wọ́.

Àwọn ọlọ́sìn ẹja mọ agbára òjò yìí dáadáa. Àrọ̀ inú kòǹkéré kì í dédé yé, torí kò gbọ́ ìró odò tó ń kún. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń tàn án jẹ: wọ́n á fún abo ní omi inú ẹṣẹ́ kan tó wà lábẹ́ ọpọlọ àrọ̀ mìíràn, tàbí oògùn tó jọ ọ́, lálẹ́, tó bá di àárọ̀, ẹyin á ti gbó, wọ́n á fún un sínú abọ́. Nàìjíríà ló ń sin àrọ̀ jù ní Áfíríkà, abẹ́rẹ́ tó rọ́pò òjò yìí sì ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà.

Ti epìyà yàtọ̀. Kò ní kí omi kún kó tó yé. Ìyá epìyà irú ti odò Náílì máa ń gbé ẹyin àti ọmọ sínú ẹnu rẹ̀ títí wọ́n á fi lè dá lúwẹ̀ẹ́. Síbẹ̀, koríko tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ bò létí adágún ń fún àwọn ọmọ ní ibi ìsádi. Ẹja tó ń fi ojú ṣọdẹ, bí ẹja ńlá tí àwọn Hausa ń pè ní giwan ruwa, kò fi bẹ́ẹ̀ ríran nínú omi ẹrẹ̀. Ìgbà tí omi bá mọ́ ni ìwọ̀ ń rí i. Ọ̀bọ̀kún ń jẹ ní ìsàlẹ̀ odò, nínú ẹrẹ̀, ó sì ń gbóòórùn ìdẹ lọ́nà jíjìn.

Irinṣẹ́ àti ọgbọ́n apẹja

Omi tó ń sáré á fa àwọ̀n ya, á sì kó igi, ewé àti ọ̀rá wọnú rẹ̀. Nítorí náà, tí odò bá kún, apẹja kì í na àwọ̀n gba àárín. Ó ń wá ibi tí omi ti rọra: ẹ̀yìn àpáta, ìkòrítà odò àti ìṣàn, ẹnu ọ̀nà tí omi ń gbà wọ àkùrọ̀. Ẹnu ọ̀nà yìí ni ìgèrè wúlò sí jù. Wọ́n á dojú rẹ̀ kọ ibi tí ẹja ń gbà wọlé nígbà tí omi ń ga, wọ́n á sì yí i padà nígbà tí omi bá ń fà, torí pé gbogbo ẹja tó wọ àkùrọ̀ gbọ́dọ̀ jáde kí ilẹ̀ tó gbẹ.

Ìwọ̀ olókùn gígùn ni ti òru. Ekòló, ìfun adìẹ àti ẹja wẹ́wẹ́ ni ìdẹ rẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ń gé ọṣẹ wẹ́wẹ́ sórí ìwọ̀, torí pé òórùn rẹ̀ ń rìn jìnnà nínú omi pípọ́n. Àwọ̀n jíjù dára nígbà tí omi bá ti lọ sílẹ̀, tí ẹja sì ti kó ara jọ sínú ọ̀gbun tó kù.

Ọjọ́ tó dára jù láàárín òjò kì í ṣe ọjọ́ tó ń rọ̀ gan-an. Wákàtí díẹ̀ tí omi bẹ̀rẹ̀ sí ga, kó tó pọ́n jù, ẹja á máa jẹun kíákíá. Bákan náà ni ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta tí omi bẹ̀rẹ̀ sí mọ́. Àárín méjèèjì, apẹja á jókòó tún àwọ̀n ṣe.

Adágún àti dáàmù

Dáàmù Lower Usuma, nítòsí Ushafa ní Bwari, ló ń fún ìlú ní omi mímu. Ó lè gba nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù mítà kúbíìkì omi, ọ̀pá tó gùn tó kìlómítà 75 sì ń gbé omi kún un láti dáàmù Gurara ní Ìpínlẹ̀ Kaduna. Ní inú ìlú, adágún Jabi náà ní àwọn apẹja tó ń fi ọkọ̀ kékeré dẹ àwọ̀n níbẹ̀.

Adágún kì í sáré bí odò, ẹrẹ̀ á sì tètè wálẹ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀. Ewu tirẹ̀ wà nínú ìjì. Lásìkò ooru, omi gbígbóná ń wà lókè, èyí tó tutù tí kò sì ní ọ́síjìn ń wà nísàlẹ̀. Bí ìjì àti òjò tútù bá kọlu adágún lójijì, omi ìsàlẹ̀ á dìde, ẹja á sì máa ṣe pákápáká. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú adágún àwọn ọlọ́sìn ẹja, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tètè pààrọ̀ omi lẹ́yìn ìjì.

Ìkún omi méjì Odò Ọya

Lára ẹja odò tí wọ́n ń tà ní Àbújá ni èyí tó ń wá láti Odò Ọya àti Benue. Ọya ní ìkún méjì lọ́dún. Ti àkọ́kọ́, tí wọ́n ń pè ní ìkún funfun, ni òjò Nàìjíríà àti àyíká rẹ̀ ń fà. Ó ń gbé ẹrẹ̀ funfun dé adágún Kainji láti nǹkan bí oṣù Kẹjọ. Èkejì, ìkún dúdú, jẹ́ omi òjò tó rọ̀ sórí òkè Futa Jalon ní Guinea. Ó rin ọ̀pọ̀ oṣù, ó sì ti fi ẹrẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní àbàtà Mali kó tó dé Nàìjíríà láàárín ẹ̀ẹ̀rùn. Apẹja Kainji lè máa rí omi kún nígbà tí òjò ti dá pátápátá lórí rẹ̀. Dáàmù Kainji tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1968 ti yí bí ìkún méjèèjì ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ padà, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ẹja omi aláìníyọ̀ tó wà ní New Bussa sì ti bá adágún náà dàgbà.

Oko lójò, odò lẹ́ẹ̀rùn

Ètò iṣẹ́ ọdún bá ìṣesí odò mu. Nígbà tí omi kún, tí ẹja fọ́nká, ìgbà náà ni àgbàdo, iṣu àti ọkà bàbà ń fẹ́ ọwọ́. Nígbà tí ìkórè bá tán, omi ti fà, ẹja sì ti sanra. Ọdún ẹja Argungu ní Ìpínlẹ̀ Kebbi fi èyí hàn gbangba. Ó gba orúkọ ńlá lọ́dún 1934, nígbà tí Sultan Sokoto, Hassan Dan Mu'azu, bẹ ìlú náà wò. Oṣù Kejì tàbí Ìkẹta ni wọ́n ń ṣe é. Kó tó dìgbà náà, Sarkin Ruwa, olórí omi, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan odò tí wọ́n ń pẹja nínú rẹ̀. Àwọ̀n ọwọ́ àti akèrègbè ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́. UNESCO fi í kún àwọn àṣà àjogúnbá aráyé lọ́dún 2016.

Ẹja omi tútù nílẹ̀ òkèèrè

Ẹja omi tútù náà ń dáhùn sí òjò, ṣùgbọ́n lọ́nà tirẹ̀. Tráòtù, tí àwọn òyìnbó fẹ́ràn láti máa fi ìwọ̀ pa, kò lè gbé nínú odò Àbújá, torí omi tó bá kọjá 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius ń ni ín lára. Ní Kenya, níbi tí wọ́n ti kó o dé lọ́dún 1905, orí òkè olótùútù nìkan ló ń gbé. Òjò tútù ìgbà ìrúwé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe é bí òjò tó ń tẹ̀lé àkọ́rọ̀ ṣe ń ṣe ẹja tiwa: omi tó ga díẹ̀ ń gbé ekòló wá, ìkùukùu ń fi í lọ́kàn balẹ̀ láti jáde, kòkòrò omi tí ìyẹ́ rẹ̀ kò tètè gbẹ nínú òjò wínníwínní sì ń pẹ́ lójú omi. Tí omi bá dẹrẹ̀, apẹja á gòkè lọ sí ìṣàn kéékèèké tó máa ń tètè mọ́. Ìyàtọ̀ ńlá kan wà: tráòtù aláwọ̀ ilẹ̀ ti yé ṣáájú, láàárín ìgbà ìwọ́wé àti òtútù, nítorí náà oúnjẹ nìkan ni òjò ìrúwé jẹ́ fún un. Fún àrọ̀, oúnjẹ ni òjò, ìgbéyàwó sì ni.

Ewu àti òfin

Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Odò tó dákẹ́ nírọ̀lẹ́ lè gbé ọkọ̀ lọ kílẹ̀ tó mọ́, nítorí òjò tó rọ̀ lókè réré. Ní 2012 àti 2022, omi bo ọ̀nà Lokoja sí Àbújá ní agbègbè Koton Karfe. Ìkún ti 2022 pa èèyàn tó lé ní 600 káàkiri Nàìjíríà. Ẹja inú adágún ọ̀pọ̀ ọlọ́sìn bá omi lọ. Lọ́dọọdún, NiMet, ilé-iṣẹ́ ojú ọjọ́, ń sọ bí òjò yóò ṣe rọ̀, NIHSA, ilé-iṣẹ́ ètò omi, sì ń sọ ibi tí odò lè kún. Àwọn méjèèjì ní olú ilé-iṣẹ́ ní Àbújá.

Òfin ẹja odò ti ọdún 1992 kà á léèwọ̀ láti fi májèlé tàbí ohun abúgbàù pẹja. Ìgbà tí omi bá kéré ni ìwà yìí ń wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n àdánù tó burú jù lè wá láti inú àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ tí wọ́n nà dí ẹnu àkùrọ̀ ní oṣù Kẹfà àti Keje. Bí abo àrọ̀ kan tó ń lọ yé bá kó síbẹ̀, á gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ lọ pẹ̀lú ara rẹ̀. Ẹja tí ẹni tó na àwọ̀n náà tà lọ́jọ́ kan ni àwọn apẹja tó kù á wá tì nínú odò nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé.