Ta Ló Ń Ṣọ́ Ẹnu Ọ̀nà? Ìtàn Ààbò Ọmọdé Nínú Géèmù Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

  Bóyá inú bọ́ọ̀sì lẹ ti ń gbọ́ mi ni o, bóyá ẹ sì ń kà á lórí fóònù yín ni, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ ló fa ìtàn tòní.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, jókòó tì mí, ó ń fi fóònù ìyá rẹ̀ gbá géèmù. Ó gbójú sókè, ó ní: “Àǹtí, ẹnì kan ní kí n fi fọ́tò mi ránṣẹ́ sí òun. Ó ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lòun náà.” Mo ní ta ni ẹni yẹn? Ó ní ọ̀rẹ́ òun ni. Mo ní níbo lẹ ti mọra? Ó wò mí bíi pé mi ò gbọ́n tó: “Nínú géèmù náà kẹ̀!”

Mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí: àwọn tó ń ṣe géèmù yìí, ìgbà wo ni wọ́n ti ń ronú nípa ààbò ọmọdé, kí ni wọ́n sì ti rí kọ́?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1978, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Essex nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Roy Trubshaw, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ géèmù kan tí wọ́n pè ní MUD. Akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, Richard Bartle, ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ tó sì parí rẹ̀. Kò sí àwòrán kankan nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ lásán ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn lè wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí wọ́n sì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Àgbà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gbá a. Ọ̀rọ̀ ọmọdé kò tíì sí níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Habitat dé. Ilé-iṣẹ́ Lucasfilm Games ló ṣe é, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò ní ọdún 1986. Chip Morningstar àti Randy Farmer ló ṣáájú iṣẹ́ náà. Èyí ní àwòrán: o ní ilé, o ní owó, o lè rìn lọ sí ìgboro. Kò pẹ́ rárá tí olè àti ìpànìyàn fi bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Bí wọ́n bá pa ọ́, o máa jí padà sílé rẹ, ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ ti lọ nìyẹn. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbá a, tó jẹ́ àlùfáà ìjọ Orthodox ní ti gidi, dá ìjọ sílẹ̀ nínú géèmù náà, ó sì ní ọmọ ìjọ òun kò gbọdọ̀ gbé ohun ìjà. Àwọn ará ìlú dìbò, wọ́n yan olórí ọlọ́pàá. Níkẹyìn, àwọn tó ni géèmù náà fòpin sí ìjà àti olè nínú ìgboro, wọ́n fi í sílẹ̀ nínú igbó. Ẹ̀kọ́ kìíní nìyẹn: ibi tí èèyàn bá ti pé jọ, ìlú ni, ìlú tí kò bá sì ní aṣọ́nà kò ní pẹ́ dàrú.

Nígbà tó di àárín àwọn ọdún 1990, Disney fẹ́ ṣe irú ayé bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọdé. Farmer wà lára àwọn tí wọ́n pè kó wá gbà wọ́n nímọ̀ràn, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ ìtàn náà sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Wọ́n ronú pé: tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ni ewu, ẹ jẹ́ ká yọ ọ̀rọ̀ burúkú kúrò pátápátá. Wọ́n to orúkọ ẹranko, mọ́tò àtàwọn nǹkan tí kò léwu jọ, kí ọmọ máa mú nínú wọn, kó máa fi wọ́n hun gbólóhùn. Wọ́n ní iṣẹ́ parí. Wọ́n wá gbé ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rìnlá kan sídìí rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ó ti mú ẹranko ọlọ́rùn gígùn kan àti ẹranko onírun kan, ó sì fi wọ́n sọ ọ̀rọ̀ rírùn tí mi ò lè tún sọ níbí!

Nítorí náà, nígbà tí Disney gbé géèmù Toontown jáde ní ọdún 2003, wọ́n tún há ọ̀nà náà sí i. Wọ́n pe ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ ibẹ̀ ní SpeedChat. Gbólóhùn tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ nìkan ni ọmọ lè mú. Tí ọmọ méjì bá fẹ́ máa kọ ọ̀rọ̀ tó wù wọ́n síra wọn, wọ́n gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà àṣírí kan tí ọ̀kan máa fún èkejì níta géèmù, bóyá ní ilé-ìwé tàbí lórí fóònù. Ìyẹn ni pé o gbọ́dọ̀ ti mọ ẹni náà tẹ́lẹ̀.

Ó dára, àbí? Àwọn ọmọ náà ronú ju àgbà lọ. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ilé nínú géèmù náà, wọ́n sì lè sún ẹrù inú rẹ̀ káàkiri. Ọmọ kan á pe àjèjì wá sílé, á to àwòrán ara ògiri títí yóò fi dà bíi lẹ́tà tàbí nọ́ńbà kan. Àlejò á kọ ọ́ sínú ìwé, á mú “ó dáa” nínú SpeedChat. Wọ́n á tún to òmíràn. Báyìí ni wọ́n ṣe ń fún ara wọn ní nọ́ńbà àṣírí láìsọ ọ̀rọ̀ kan.

Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á, lẹ́yìn náà ni mo dákẹ́. Àwọn ọmọ yẹn kò burú. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n ń wá. Kò sí ògiri tí ọmọ tó ń wá ọ̀rẹ́ kò ní wá ihò sí.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2005, àwọn kan ní ìlú Kelowna ní Kánádà gbé Club Penguin jáde. Àwọn náà ní ọmọ nílé, wọ́n sì fẹ́ ibi tí ọkàn àwọn fúnra wọn máa balẹ̀ sí. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á di ẹyẹ penguin, á máa rìn lórí yìnyín. Ẹ̀rọ ń sẹ́ ọ̀rọ̀ bí ẹni ń sẹ́ ògì, ọmọ kò sì lè kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò fi mọ sórí ẹ̀rọ. Wọ́n gba èèyàn síṣẹ́ tí wọ́n ń wo ohun tó ń lọ, tí wọ́n sì ń lé ẹni tó bá ṣìwà hù jáde. Disney rà á ní ọdún 2007, mílíọ̀nù 350 dọ́là ni wọ́n kọ́kọ́ san. Ní oṣù kẹta ọdún 2017, wọ́n tì í pa.

Ibi tí ìtàn náà ti dùn mí nìyí. Lẹ́yìn tí wọ́n tì í, àwọn ẹlòmíràn da géèmù náà kọ, wọ́n tún un gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìgbàṣẹ. Yìnyín kan náà, ẹyẹ kan náà, àwọn ọmọ sì rọ́ wọ ibẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, BBC jẹ́ kó hàn pé ọ̀rọ̀ ìṣekúṣe ń jáde sójú àwọn ọmọ nínú ọ̀kan lára wọn, Disney sì mú kí wọ́n tì í. Ilé náà kò yí padà. Àwọn aṣọ́nà ni kò sí níbẹ̀ mọ́.

Òfin ńkọ́? Amẹ́ríkà ṣe òfin COPPA ní ọdún 1998, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2000. Ó ní ilé-iṣẹ́ kò gbọdọ̀ gba ìsọfúnni nípa ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 láìjẹ́ pé òbí rẹ̀ fọwọ́ sí i. Ní oṣù kejìlá ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ Epic Games, tó ni Fortnite, gbà láti san mílíọ̀nù 275 dọ́là lórí ẹ̀sùn pé wọ́n tẹ òfin náà lójú. Lára ẹ̀sùn náà ni pé ìtàkùrọ̀sọ ti wà ní ṣíṣí láti ìbẹ̀rẹ̀, ọmọdé sì ń bá àjèjì sọ̀rọ̀. Wọ́n pàṣẹ pé kó wà ní títì fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, Roblox náà ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 kò ní lè fi ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ránṣẹ́ níta eré mọ́, òbí sì lè máa wo ta ni ọ̀rẹ́ ọmọ rẹ̀ láti orí fóònù tirẹ̀.

Nígbà tí mo ka èyí tán, mo lọ gba fóònù ẹ̀gbọ́n mi. Mo ṣí ibi tí wọ́n kọ ọdún ìbí sí nínú géèmù ọmọ náà. Ọdún ìbí ìyá rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Kò sẹ́ni tó parọ́ o. Fóònù ìyá ni, ímeèlì ìyá ni, òun ló sì fi forúkọ sílẹ̀ kí ọmọ má baà dà á láàmú. Ṣùgbọ́n lójú géèmù náà, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ló ń ṣeré. Gbogbo ilẹ̀kùn tí wọ́n fi ọdún gbọọrọ kọ́ fún ọmọdé, ṣíṣí gbayawu ni wọ́n wà fún un. Ẹ wo iye ilé tí ọmọ ti ń lo fóònù òbí lọ́dọ̀ tiwa.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ṣí òmíràn fún un pẹ̀lú ọdún ìbí tirẹ̀ gan-an. A ti ìtàkùrọ̀sọ pa. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ báyìí, ọmọ kíláàsì rẹ̀ àti ọmọ ẹbí ni, ó sì ń gbá a ní pálọ̀. Gbogbo ohun tó ti kó jọ nínú ti tẹ́lẹ̀ ló pàdánù. Ó sunkún gan-an, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta, ó gbé fóònù wá, ó ní: “Àǹtí, ẹ wá wo ilé tí mo kọ́.” Mo jókòó tì í, mo wò ó.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ, àbúrò tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n nílé, lálẹ́ òní, ẹ ṣí géèmù wọn, kẹ́ ẹ wo ọdún ìbí tó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n fi ilé tí wọ́n kọ́ hàn yín.

Ó dìgbà o.