Kíkú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi oníjẹ́ẹ̀tì

Kíkú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi oníjẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ́ńjìnnì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dáwọ́ iṣẹ́ dúró, tàbí kí agbára rẹ̀ tán, nígbà tí ọkọ̀ wà lójú omi. Omi tí ọkọ̀ yìí ń tú jáde lẹ́yìn ni ó fi ń rìn, òun kan náà ni ó sì fi ń yà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Nítorí náà, bí ẹ́ńjìnnì bá kú, atukọ̀ kò lè darí ọkọ̀ mọ́. Ní ọ̀sà Èkó, ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a fura sí ni ìdọ̀tí tí ó dí ẹnu ibi tí omi ń gbà wọlé, kí a tó dá ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ lẹ́bi.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

William Hamilton, ọmọ orílẹ̀-èdè New Zealand, ni ó sọ irú ọkọ̀ yìí di ohun tí ó wúlò ní àwọn ọdún 1950, kí ó lè máa rìn lórí àwọn odò ilẹ̀ rẹ̀ tí kò jìn. Ẹ́ńjìnnì ń yí abẹ̀bẹ̀ irin kan tí ó ń jẹ́ ìmpẹ́là nínú pọ́ǹpù. Ìmpẹ́là ń fa omi wọlé gba irin asẹ́ tí ó wà lábẹ́ ọkọ̀, ó sì ń fi agbára tì í jáde ní ẹnu tóóró kan lẹ́yìn. Ẹnu tóóró yìí ni ó ń yí nígbà tí atukọ̀ bá ń darí ọkọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ yìí, díẹ̀ nínú omi kan náà ni ó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù. Bí asẹ́ bá dí, ọkọ̀ kò ní lè sáré, ẹ́ńjìnnì yóò sì gbóná kọjá ààlà.

Ìdọ̀tí ojú omi Èkó

Ojúoró àti òṣíbàtà ti wà lójú omi ilẹ̀ Yorùbá tipẹ́. Ewéko olódòdó aláwọ̀ àlùkò tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Eichhornia crassipes jẹ́ àlejò láti Gúúsù Amẹ́ríkà. Ní 1984 ni a ṣàkíyèsí rẹ̀ ní odò Àgbádárìgì, ó sì tàn káàkiri láti ibẹ̀. Ní àsìkò òjò, odò Ògùn àti àwọn odò mìíràn máa ń gbé e wọ inú ọ̀sà. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, tí iyọ̀ òkun bá pọ̀ nínú omi ọ̀sà, a máa kú. Gbòǹgbò rẹ̀, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, okùn àti àwọ̀n ẹja tí ó ti já ni ó máa ń dí asẹ́ tàbí tí ó máa ń wé mọ́ ọ̀pá ìmpẹ́là.

Àwọn àmì

* Ẹ́ńjìnnì ń ké kíkankíkan ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò sáré: asẹ́ ti dí, tàbí ìmpẹ́là ti jẹ.
* Ìkìlọ̀ ooru tàn: omi kò dé ibi tí ó ti yẹ kí ó mú ẹ́ńjìnnì tutù.
* Ẹ́ńjìnnì ń kọ́, ó sì ń kú díẹ̀díẹ̀: omi wà nínú epo, tàbí asẹ́ epo ti dọ̀tí.
* A yí kọ́kọ́rọ́, ó kàn dún “kẹ́” lẹ́ẹ̀kan: bátìrì ti kú, tàbí wáyà orí rẹ̀ ti tú.
* Ẹ́ńjìnnì dún gbì, ó sì dúró lójijì: ó ṣeé ṣe kí ó ti nọ́ọ̀kì. A kò gbọdọ̀ fi agbára ṣí i mọ́.

Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe

Ohun àkọ́kọ́ ni kí gbogbo èrò wọ ẹ̀wù ìléfòó, kí wọ́n sì jókòó. Lẹ́yìn náà, kí atukọ̀ ju ìdákọ̀ró sómi, kí ìṣàn má baà gbé ọkọ̀ lọ sójú ọ̀nà àwọn ọkọ̀ ńlá tí ń lọ sí èbúté Àpápá, nítorí wọn kò lè tètè dúró. Bí ọkọ̀ bá wà lójú ọ̀nà wọn, kí ó pe ìrànlọ́wọ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe.

Kí a tó fọwọ́ kan asẹ́ tàbí ìmpẹ́là, a gbọ́dọ̀ pa ẹ́ńjìnnì, kí a sì yọ kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Kí a tó tún un ṣí, ó yẹ kí a ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì, kí a sì gbóòórùn. Afẹ́fẹ́ tí ń jáde lára pẹtiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lásán lọ, ó sì máa ń sá pamọ́ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ìṣáná kékeré lè mú kí ó gbiná.

Ọkọ̀ tòkunbọ̀

Tòkunbọ̀, èyíinì ni ohun tí ó ti òkun bọ̀, ni orúkọ tí a ń pe ọjà àlòkù tí a kó wá láti òkè òkun. Díẹ̀ nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti rì sómi rí kí wọ́n tó tà á. Kí olùrà wo ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì: bí ó bá funfun bíi mílíìkì, omi ti wọ inú rẹ̀. Kí mẹkáníìkì wọn agbára ìfúnpọ̀ inú sìlíńdà kọ̀ọ̀kan. Ìyàtọ̀ tí ó bá ju bí ìdá 10 nínú 100 lọ jẹ́ ìkìlọ̀. Kí wọ́n sì gbé ọkọ̀ sómi kí owó tó kúrò lọ́wọ́, nítorí ẹ́ńjìnnì tí ó ń dún dáadáa lórí ilẹ̀ lè má ní agbára láti ti omi.

Iyọ̀ ń jẹ irin. Lẹ́yìn ìrìn kọ̀ọ̀kan, omi tí kò níyọ̀ ni a fi ń ṣan inú ẹ́ńjìnnì. Nínú ọ̀pọ̀ irú rẹ̀, a máa ń ṣí ẹ́ńjìnnì kí a tó ṣí ẹ̀rọ omi, a ó sì ti ẹ̀rọ omi kí a tó pa ẹ́ńjìnnì. Bí a bá ṣe é lódì, omi lè kún inú ẹ́ńjìnnì. Ìwé ìtọ́ni ọkọ̀ náà ni ó ń sọ èyí tí ó bá a mu.

Àbójútó àti ìrànlọ́wọ́

Àjọ NIWA ti ìjọba àpapọ̀, tí a dá sílẹ̀ ní 1997, àti LASWA ti ìpínlẹ̀ Èkó, tí òfin rẹ̀ jáde ní 2008, ni ó ń bójú tó ìrìn ojú omi ní Èkó. Àwọn méjèèjì fi dandan lé ẹ̀wù ìléfòó, wọ́n sì lòdì sí ìrìn òru. Nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì ní Èkó ni 767 àti 112.