Ta Ló Kọ́kọ́ Pọfọ̀?

Ẹni tó bá ti jókòó sídìí géèmù Dungeons & Dragons rí mọ̀ pé kì í ṣe ìjà ló ń gba àkókò jù níbẹ̀, àríyànjiyàn ni. Oṣó kan fẹ́ pòórá níwájú ọ̀tá, kó sì tún gún un lọ́bẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣé òfin gbà á? Ẹni tí wọ́n fi aṣọ dí lẹ́nu ńkọ́, ṣé ó lè ṣe oògùn? Ọdún 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé géèmù náà jáde ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó fi máa di 1979, ìbéèrè ti pọ̀ débi pé ìwé ìròyìn Dragon ya àyè sọ́tọ̀ láti máa dáhùn wọn.

Àwa tí à ń fi kóòdù kíkọ jẹun fẹ́ràn irú wàhálà báyìí. Àmọ́ ká tó mọ ohun tó ń jẹ́ dáìsì olójú ogún la ti ń jà á nídìí fíìmù Yorùbá. Lágbègbè Ọjọ́, láti Okokomaiko dé Ìba, fíìmù ò wọ́n wa, torí Alaba ò jìnnà. Kódà láyé ìgbà yẹn, tẹ́ ẹ bá dé Alaba Rago (àgbò ni Hausa ń pè ní rago), ẹ ò ní ṣàì rí tẹlifíṣọ̀n tòkunbọ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ láàárín ẹrù. Ẹni tó bá sì ti wo Fádèyí Olóró nínú Arélù, eré Jimoh Aliu, á ti bi ara rẹ̀ rí pé: ta ló kọ́kọ́ pọfọ̀? Kí ló dé tí èyí ò fi egbé sá lọ?

Egbé yẹn ti wà nínú ìwé tipẹ́. Òun ni Àkàrà-oògùn fi sá wálé nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D.O. Fágúnwà kọ ní 1938, ọdún mẹ́rìndínlógójì ṣáájú géèmù àwọn ará Amẹ́ríkà.

Òfin méjèèjì jọra díẹ̀. Oṣó inú géèmù máa ń nílò ọ̀rọ̀ ẹnu, ìṣe ọwọ́ àti èròjà. Tiwa náà ní ọfọ̀ àti ewé, ọfọ̀ ọ̀hún sì dà bíi kóòdù gan-an: ọ̀rọ̀ ìṣe tó sá pamọ́ sínú orúkọ ewé ló máa ń pè jáde, bíi "gbé" nínú gbégbé. Pierre Verger kó ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ jọ sínú ìwé Ewé, tó jáde ní 1995. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni bí agbára ṣe ń tán. Nínú géèmù àtijọ́, tí oṣó bá ti lo oògùn kan, ó ti gbàgbé rẹ̀ nìyẹn. Inú ìtàn Jack Vance ni wọ́n ti mú un. Oògùn tiwa kì í tán bẹ́ẹ̀. Èèwọ̀ ló ń bà á jẹ́.

Ibi èèwọ̀ yìí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Wọ́n ń rán oǹdè mọ́ ẹ̀wù ogun nílẹ̀ Yorùbá. Ní May 1892, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé ìbọn Maxim wá pàdé àwọn Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn, wọ́n sì ṣẹ́gun. Ní Tanganyika, Kinjikitile Ngwale fún àwọn èèyàn ní omi tó ní yóò sọ ọta ìbọn àwọn ará Jámánì di omi. Ogun Maji Maji bẹ̀rẹ̀ ní 1905, ó parí ní 1907. Ìbọn àti ìyàn pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀pọ̀. Títí dòní ni ìròyìn ń jáde ní Nàìjíríà nípa ẹni tí wọ́n yìnbọn fún láti dán ayẹta wò, tó sì kú. Kí lẹ máa gbọ́ lẹ́yìn náà? Pé ó jẹ èèwọ̀ ni. Tẹ́nì kan bá kọ ètò kọ̀ǹpútà tó jẹ́ pé ẹni tó ń lò ó ló máa ń jẹ̀bi nígbàkigbà tó bá bàjẹ́, a ò ní gbà á wọlé. Lójú tiwa, òfin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ lẹ́yìn tí òkú ti sùn kì í ṣe òfin rárá.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nídìí tábìlì wa, ẹni tó bá fẹ́ ayẹta á kọ èèwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ká tó ju dáìsì. Ọ̀kan nínú wa kọ ọ́ pé òun ò gbọdọ̀ jẹ ilá. Látìgbà náà, gbogbo ọ̀tá tó bá pàdé nínú igbó ló ń gbé ìkòkò ọbẹ̀ ilá dání.