Owó Bébà Ìgbà Ogun Biafra

Ẹni tó bá gbéra láti Mákùn ní Ṣágámù kò ní rìn jìnnà kó tó dé Ìkẹ́nnẹ́, ìlú tí wọ́n ti bí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1909. Ọmọ Rẹ́mọ yìí ni Kọmíṣọ́nnà ìjọba àpapọ̀ fún ètò ìnáwó nígbà ogun abẹ́lé. Nítorí náà, kò yẹ kí olùkọ́ ìtàn ní agbègbè wa máa sọ̀rọ̀ owó Biafra bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àjèjì ni.

Ní oṣù kìn-ín-ní 1968, ìjọba Nàìjíríà pààrọ̀ owó bébà rẹ̀. Àwọ̀ ni wọ́n yí padà, àmọ́ ète wọn jinlẹ̀: kí pọ́n-ùn tó wà lọ́wọ́ Biafra di bébà lásán, kí wọ́n má baà fi ra ohun ìjà. Kí oṣù náà tó parí, Báńkì Biafra gbé owó tirẹ̀ jáde, ṣílè 5 àti £1, tí igi ọ̀pẹ àti oòrùn tó ń yọ wà lára wọn. Oòrùn yẹn náà ló wà lára àsíá wọn. Ní 1969, ṣílè 10, £5 àti £10 tẹ̀ lé e.

Nígbà tí ogun parí ní 1970, owó náà kú. Ẹni tó kó o wá fún pàṣípààrọ̀, ì báà pọ̀ tó yanrìn, £20 péré ló gbà. Èmi gbà pé ọgbọ́n ogun ni pípààrọ̀ owó ti 1968. Ṣùgbọ́n £20 yìí ṣòroó gbèjà lẹ́yìn tí Gowon ti kéde pé kò sí aṣẹ́gun, kò sí ẹni tí a ṣẹ́gun. Ìwé tí Chinua Achebe kọ ní 2012 tún dá àríyànjiyàn náà sílẹ̀, ó sì kan Awólọ́wọ̀ gbọ̀ngbọ̀n.

Owó Biafra wà fún wíwò ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ogun tí wọ́n ṣí ní Umuahia ní 1985. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá rí ẹyọ kan gbà lè pa á mọ́ pẹ̀lú. Kí wọ́n má fi ọ̀rá gbígbóná bò ó, kí wọ́n má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, kí oòrùn má sì máa pa á, torí àwọ̀ rẹ̀ yóò ṣá. Kí wọ́n kọ ọdún tó jáde àti orúkọ báńkì rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì kọ £20 náà sí i.